Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ nílé ìwé lókè òkun: ṣé ká dá Yorùbá dúró ni?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin. Ó di oṣù mẹ́rìnlá tá a ti kó wá sókè òkun, ó sì ti ń lọ sílé ìwé láti oṣù méje sẹ́yìn. Àwọn tíṣà rẹ̀ ní kì í sọ̀rọ̀ rárá, pé ṣe ló máa ń nàka sí ohun tó bá fẹ́. Nílé, Yorùbá ló ń sọ, ó sì ń da Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, 'he' ló ń pè mí. Tíṣà rẹ̀ ní ká dá Yorùbá dúró kí Gẹ̀ẹ́sì lè ráyè wọlé. Bàbá rẹ̀ ti dá a dúró, ọmọ náà kì í sì í fẹ́ẹ́ bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé: 'Tíṣà ní kí n jókòó, mo bá jókòó, mo wá ń sunkún, ẹ ò sì wá.' Mi ò rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn. A ti forúkọ sílẹ̀ láti rí speech therapist, àmọ́ a ṣì ń dúró. Ẹnì kan ní ká wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tó lè máa tọ́jú rẹ̀ lórí fídíò. Ṣé èdè méjì ló dàrú mọ́ ọmọ mi lórí ni, àbí àìsàn kan wà níbẹ̀? Ṣé ká dá Yorùbá dúró ni?"

Ìyá ọmọ, ẹ kú àmúmọ́ra. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ nílẹ̀ òkèèrè, àwọn tí mo sì ń rí jù ni ọmọdé àti àgbàlagbà tí èdè ilé wọn yàtọ̀ sí èdè ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn. Irú lẹ́tà yín kì í wọ́n lórí tábìlì mi. Ohun mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ ọmọ nílé ìwé, èdè méjì tó ń gbọ́, àti ìbẹ̀rù pé bóyá àìsàn kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tó rọrùn jù láti dáhùn ni ti Yorùbá: ẹ má dá a dúró. Ìyókù gba àlàyé, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbà á kìkì nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ máa nílò àlàyé náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń bá tíṣà àti bàbá ọmọ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí ọmọ yín sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, torí òun gan-an ni ẹ̀rí tó lágbára jù nínú lẹ́tà yín. Bóyá ẹkún inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ohun tí tíṣà sọ lè má ju "jókòó" lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi sọ ọ́. Ọmọ yín gbọ́ ọ, ó yé e, ó ṣe é. Nígbà tó délé, ó yí i sí Yorùbá, kò sì sọ pé "tíṣà ní jókòó". Ó ní "kí n jókòó". Ó mọ̀ pé àṣẹ ni, ó mọ̀ pé òun ni wọ́n pa á fún, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àṣẹ ẹlòmíì wọnú ìròyìn. "Mo bá jókòó": "bá" yẹn so ìjókòó mọ́ àṣẹ tó ṣáájú rẹ̀. "Mo wá ń sunkún": "wá" sún ìtàn síwájú, "ń" sì jẹ́ ká mọ̀ pé ẹkún náà ń bá a lọ. "Ẹ ò sì wá": "wá" kejì yìí kì í ṣe "wá" àkọ́kọ́, ti wíwá síbì kan ni, ọmọ náà kò sì ṣì wọ́n lò. Nínú ẹ̀dùn ọkàn yẹn náà, kò gbàgbé láti fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọmọ tí èdè ń ṣòro fún kì í sábà lè tò ó báyìí lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Lóòótọ́, gbólóhùn kan ò tó fi dájọ́, mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò sì tíì rí bó ṣe ń ṣeré. Àmọ́ ká ní iwájú mi lẹ jókòó sí, ibẹ̀ ni ọkàn mi á ti kọ́kọ́ balẹ̀ díẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ojúlówó ìṣòro èdè kì í gbé inú Gẹ̀ẹ́sì nìkan tàbí inú Yorùbá nìkan. Inú ọmọ ló ń gbé, èdè yòówù tí ọmọ náà bá sì ń kọ́ ló ti máa yọjú. Àwọn ọmọ kan wà tí etí wọn gbọ́ràn dáadáa, tí òye wọn pé, tí àwọn ará ilé sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, síbẹ̀ tí èdè ò tètè mú wọn lọ́wọ́. Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ti fi pe ìṣòro yìí. Ní 2017 ni àwọn amòye láti orílẹ̀-èdè mélòó kan fẹnu kò lórí Developmental Language Disorder, tí wọ́n ń gé kúrú sí DLD. Ó tó nǹkan bí 7 nínú 100 ọmọ tó ní in, ìyẹn ọmọ méjì nínú kíláàsì ọlọ́gbọ̀n ọmọ. Gbígbọ́ èdè méjì kọ́ ló ń fà á: ọmọ tó gbọ́ ẹyọ kan ń ní in, ọmọ tó gbọ́ méjì náà ń ní in. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń ṣe ọmọ yín, inú Yorùbá la ó ti kọ́kọ́ rí i. Á máa wá ọ̀rọ̀ tì. Bẹ́ ẹ bá rán an níṣẹ́ méjì pọ̀, ọ̀kan á jábọ́. Gbólóhùn rẹ̀ á kúrú ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìtàn rẹ̀ á sì máa ṣòro fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti lóye.

Torí náà, kì í ṣe "báwo ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀?" ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo máa ń béèrè ni bó ṣe rí kí wọ́n tó kó wá. Ìgbà wo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Nígbà tó pé ọdún méjì, ṣé ó ti ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí "gbé mi" tàbí "bàbá lọ"? Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún kan, wọ́n á sì ti ní bí 50 ọ̀rọ̀ lẹ́nu nígbà tí wọ́n bá pé méjì. Èdè méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ kà pọ̀. Ọmọ lè mọ orúnkún, ìgbọ̀nwọ́, ìbínú àti ìtìjú ní Yorùbá, kó sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló mọ orúkọ àwọ̀ sí, torí ilé ìwé ló ti kọ́ ọ. Ẹni tó bá ka inú apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo á ní ọmọ náà ò mọ nǹkan.

Ní ti "he" tó ń pè yín, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Yorùbá ò bi ọmọ yín léèrè rí bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ó lọ" ni fún bàbá, "ó lọ" ni fún ìyá. Yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè. Bákan náà ni "lọ" wa kì í yí padà, ì báà jẹ́ àná, ì báà jẹ́ ọ̀la. "Ti" àti "máa" la fi ń fi àkókò hàn, nítorí náà ẹ máa gbọ́ "he go" lẹ́nu rẹ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Yorùbá kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì sórí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí slate fi di síléètì, tí block fi di búlọ́ọ̀kù. Ọmọ tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì náà á ṣe irú wàhálà yìí bó bá kan "gb" tàbí bó bá fẹ́ ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ara èdè kíkọ́ ni. Kì í ṣe àrùn.

Ibi tí ewu wà rèé, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn dáadáa. Láàárín àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, fífo àmì àkókò tó kọjá bẹ́ẹ̀ yẹn wà lára àmì DLD tó lágbára jù. Olùtọ́jú ọ̀rọ̀ tí kò mọ bí Yorùbá ṣe rí lè gbọ́ "he go" kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí àmì àìsàn. Mo ti ka irú ìwé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lórí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan. Gbogbo àṣìṣe tí wọ́n tò síbẹ̀ pátá, Yorùbá ló ṣàlàyé wọn. Àmọ́ òdìkejì rẹ̀ náà wà, èmi fúnra mi sì ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Lọ́dún kẹta iṣẹ́ mi, mo sọ fún ìyá kan pé kó fọkàn balẹ̀, pé èdè méjì ló fà á, á lọ. Ìgbà tí ọmọ náà pé ọdún méje ló hàn pé Yorùbá gan-an ò yé e dénú. Mi ò béèrè tó. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé ẹ má yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó ń dúró, bí ọkàn yín tilẹ̀ balẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán.

Dída èdè méjì pọ̀ kò tó nǹkan tá à ń jà sí. Àgbàlagbà tó gbọ́ èdè méjì ń ṣe é látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ tó ní "mo fẹ́ play" fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá máa ń wà gan-an. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sáàárín èdè tí kò gbọ́ sábà máa ń panu mọ́ fún ìgbà kan. Kò sùn o. Ó ń gbọ́, ó ń kó jọ, ó ń wo ẹnu àwọn ẹlòmíì. Fún àwọn kan, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Fún àwọn míì, oṣù mélòó kan. Oṣù méje kì í ṣe ohun tójú mi ò rí rí, àmọ́ ó ti gùn débi tí mi ò fi ní káwọ́ gbera. Ìdákẹ́jẹ́ kejì wà tó jẹ́ ti ìbẹ̀rù. Selective mutism ni àwọn oníṣẹ́ wa ń pè é. Ọmọ á máa sọ̀rọ̀ fàlàlà nílé, àmọ́ bó bá ti dé àwọn ibì kan, ṣe ni ohùn rẹ̀ á há. Oríkunkun kọ́. Bí wọ́n bá fún un ní gbogbo ẹ̀bùn ayé, ohùn náà ò ní jáde. A kì í sọ pé òun ni, àfi bó bá ti tó oṣù kan, ó kéré tán, láìka oṣù àkọ́kọ́ nílé ìwé mọ́ ọn, tí kì í sì í ṣe pé èdè ibẹ̀ ni ọmọ ò tíì gbọ́. Àwọn ọmọ tó kó wá láti ilẹ̀ míì sì wà lára àwọn tó ń ṣe jù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Ọmọ tó ń kó èdè jọ á máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, á máa nàka, á máa rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kan á sì máa yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìbẹ̀rù dè á le gbandi, ojú rẹ̀ ò ní sọ nǹkan kan, Yorùbá gan-an ò ní jáde lẹ́nu rẹ̀ bí àlejò bá wà nítòsí. Ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Bí tíṣà bá dúró tì yín, ṣé ó ṣì ń bá yín sọ Yorùbá? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn á wúlò fún ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ. Nínàka tó ń nàka jẹ́ àmì rere lójú mi. Ẹkún yẹn ni mi ò fẹ́ fojú fò dá.

Mo rántí ọmọkùnrin kan, ọlọ́dún mẹ́rin lòun náà. Ìwé tí wọ́n fi rán an sí mi sọ pé kò ní èdè kankan. Ó jókòó sílẹ̀ nínú yàrá mi, ó ń to ọkọ̀ kéékèèké mẹ́fà sórí ìwé tí mo tẹ́ sílẹ̀, kò wojú mi. Mo ti bi í ní ìbéèrè márùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹyọ kan ò rí èsì. Mo bá dákẹ́. Mo ti ọkọ̀ kan títí tó fi yí kúrò lórí ìwé náà, mo wá ń sọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé: "Yéè, ó ti já sódò." Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkọ̀ náà. Ó ní, "Kò sódò níbẹ̀. Ilẹ̀ ni." Láti ìgbà yẹn, kò panu mọ́ mọ́ títí àkókò wa fi tán. Mi ò fún un lóògùn kankan. Mo kàn yéé bi í léèrè ni, mo sì sọ èdè tó gbọ́.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Kí oníṣẹ́ etí fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò ni mo ń sọ, kì í ṣe kẹ́ ẹ pè é láti ẹ̀yìn kẹ́ ẹ wò ó bóyá á yíjú. Ọ̀pọ̀ ọmọ kékeré ni omi máa ń gbára jọ sẹ́yìn awọ ìlù etí wọn láìsí ìrora, pàápàá lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Ó ń wá, ó ń lọ. Ṣe ni ọmọ náà á máa gbọ́ràn bí ẹni tó fi ìka di etí. Nílé, ẹ̀ ń sún mọ́ ọn, ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ wa sì sábà máa ń parí sí fáwẹ́lì tó ń dún ketekete, torí náà ẹ lè má fura. Nínú kíláàsì tí ogún ọmọ ti ń pariwo, àwọn ìró wẹ́wẹ́ bí "s", "f" àti "t" tí Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi parí ọ̀rọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ nù. Òbí míì á ní okùn abẹ́ ahọ́n ló so ọmọ òun lẹ́nu. Okùn abẹ́ ahọ́n kì í dí ọmọ lọ́wọ́ láti mọ èdè, ẹ má tìtorí ìyẹn gbé ọmọ lọ sídìí abẹ.

Tíṣà tó ní kẹ́ ẹ dá Yorùbá dúró kò fẹ́ ibi fún yín. Ìmọ̀ràn tó ti pẹ́ ló ń sọ, mo sì mọ ibi tó ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n máa ń kó ọmọ àwọn tálákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú, wọ́n á fi wé ọmọ onílùú tó rí jájẹ, èdè tí àwọn àlejò náà ò tíì gbọ́ ni wọ́n á sì fi dán wọn wò. Wọ́n wá ní èdè méjì ló ba ọpọlọ wọn jẹ́. Ní 1962, Elizabeth Peal àti Wallace Lambert ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Montreal, ní Kánádà. Àwọn rí i pé ipò ilé àwọn ọmọ náà dọ́gba kí wọ́n tó fi wọ́n wéra. Àwọn tó gbọ́ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kò rẹ̀yìn, kódà wọ́n ta àwọn tó gbọ́ èdè kan ṣoṣo yọ nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò. Ẹ lè ní, "Ìyẹn kan ọmọ tára rẹ̀ dá." Ní 2005, Elizabeth Kay-Raining Bird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà wo àwọn ọmọ tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò kan tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ, tó máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó mọ nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ń gbọ́ èdè méjì kò burú ju ti àwọn tó ń gbọ́ ẹyọ kan lọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ASHA àti RCSLT, kò sí èyí tó ní kí òbí pa èdè ilé tì nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ká yẹ èèyàn wò nínú gbogbo èdè tó ń lò.

Ẹ sọ fún bàbá ọmọ pé mi ò bá a wí. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Àmọ́ kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ọmọ tó dákẹ́ níbì kan ti wá dákẹ́ níbi méjì. Bí bàbá bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú èdè tí kì í fi bínú, tí kì í fi ṣeré, tí kì í fi lálàá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á kúrú, á di kìkì àṣẹ: wá, lọ, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í ti inú àṣẹ kọ́ èdè. Ká má parọ́ ṣá, ọmọ tí wọ́n bá pa Yorùbá tì fún kò ní ya odi. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló yọ̀ mọ́ bàbá lẹ́nu láti kékeré, kó máa sọ ọ́, kò séwu. Ohun tí mo ń sọ ni pé pípa Yorùbá tì kò ní mú Gẹ̀ẹ́sì yá kánkán. Ẹ ó kàn gba ibì kan ṣoṣo tí ọmọ náà ti ń rí ọ̀rọ̀ sọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó bá kàn yín láti rí olùtọ́jú ọ̀rọ̀ náà, ẹ béèrè fún ògbufọ̀ tó mọṣẹ́. Kó má ṣe jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ, kó má ṣe jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, torí ará ilé máa ń tún ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe láìmọ̀ kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá àwọn ọmọ tó gbọ́ èdè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ìdánwò tí wọ́n fẹ́ lò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máàkì tó bá gbà níbẹ̀ kò lè dá ẹjọ́ náà fún wọn. Àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán jù ni èyí tí wọ́n á ti kọ́ ọmọ ní nǹkan tuntun díẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bó ṣe yá a tó láti gbá a mú. Ọmọ tí kò tíì bá ohun kan pàdé rí á tètè mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá fi hàn án. Ọmọ tí èdè ń ṣòro fún á nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀ sí i.

Ti fídíò ńkọ́? Ó dáa fún àwọn nǹkan kan. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níbi tẹ́ ẹ wà ò lè gbọ́ láéláé: bóyá àmì ohùn ọmọ náà tọ́, bóyá ìtàn rẹ̀ lórí tó sì nídìí. Ó tún lè kọ́ ẹ̀yin òbí lọ́nà tẹ́ ẹ máa gbà bá a sọ̀rọ̀, èyí tí mo kà sí ìdajì iṣẹ́ náà. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin kì í lè jókòó síwájú fóònù ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já sì máa ń gbé "s" àti "f" mì. Níbi púpọ̀, òfin ibi tí aláìsàn wà ni olùtọ́jú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ibi tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sí. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti gbàwé àṣẹ àti bóyá ìwé náà gbà á láyè láti tọ́jú ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín. Bí inú bá ń bí i sí ìbéèrè yẹn, ẹ wá ẹlòmíì. Ilé ìwé sì lè kọ̀ láti lo ìwé àyẹ̀wò tó ti òkèèrè wá. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, màá lo méjèèjì: ẹni tó wà nítòsí fún ilé ìwé, ẹni tó gbọ́ Yorùbá fún ẹ̀rí tí wọ́n á jọ fi ṣiṣẹ́. Ẹni orí fídíò nìkan kò tó bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló dè é lóhùn, torí inú kíláàsì ni ìbẹ̀rù náà wà, ibẹ̀ la ti gbọ́dọ̀ tú u.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí àwọn míì tó ń ka èyí lè ní òbí àgbà nílé. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ sí àgbà. Wọ́n pè mí sọ́dọ̀ bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù, ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ lókè òkun. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ò yé e mọ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi bi í léèrè. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ kan etí yín." Ó fọwọ́ kàn án, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí èdè tó máa kọ́kọ́ padà sẹ́nu irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní 1881, Théodule Ribot, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó jẹ́ ará Faransé, ní èdè ìgbà èwe ló máa ń kọ́kọ́ padà. Ní 1895, Albert Pitres, dókítà ará Faransé, ní èyí téèyàn ń lò jù kí àìsàn tó dé ni. Lóde òní, a mọ̀ pé méjèèjì sábà máa ń padà pa pọ̀, àmọ́ nígbà míì, ọ̀kan á ṣáájú, a ò sì lè mọ èyí tó máa jẹ́ láìyẹ méjèèjì wò.

Ó dọwọ́ yín wàyí. Lálẹ́ òní, kí bàbá padà sí Yorùbá, kó má sì ṣe é bí ẹ̀kọ́. Kó jókòó sílẹ̀ tì í, kó máa sọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe, kó sì máa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó kà dé márùn-ún nínú ara rẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá ní "ọkọ̀ ṣubú", ẹ ní "ọkọ̀ pupa ṣubú, ó já sábẹ́ àga". Ẹ má ní kó tún un sọ. Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò níwájú àlejò. Ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún péré tó máa gbà á sílẹ̀ nílé ìwé: èyí tó fi máa tọrọ àyè láti lọ tọ̀, èyí tó fi máa ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, èyí tó fi máa ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, èyí tó fi máa ní ó kan òun, àti èyí tó fi máa béèrè màmá rẹ̀. Ẹ bẹ tíṣà pé kó má fipá mú un sọ̀rọ̀, kó jókòó ti eré rẹ̀ kó máa sọ ohun tó ń rí, kó sì jẹ́ kí nínàka ṣì tó fún un.

Bẹ́ ẹ bá rí àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ pè wọ́n: ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ń sọ nù ní Yorùbá, ẹ̀yin ará ilé gan-an ò gbọ́ ohun tó ń sọ yé, ó ń kólòlò débi tó ń fi ojú àti ọrùn jà kí ọ̀rọ̀ tó jáde, tàbí kí Yorùbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú nílé bó ṣe kú nílé ìwé. Mo sì ti sọ pé lẹ́tà nìkan ni mo rí. Ẹni tó bá rí ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè rí ohun tí mi ò rí, kẹ́ ẹ gbà á gbọ́ jù mí lọ, bó bá ti gbọ́ Yorùbá ọmọ náà.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ déètì sí i, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn sí ojú ìwé àkọ́kọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un, pẹ̀lú ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ́. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù náà, kó má mọ̀, níbi tó ti ń ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín, ẹ gbé ìwé náà dání.